Wọ́n Ń Gbọ́ Ìfẹ́ Mi Ní Rédíò, Èmi Náà Ń Bá Wọn Gbọ́ Ọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé kí ló dé tí n kì í dá sí i mọ́ nígbà tí ẹ bá ń jiyàn lórí ìtàn ìfẹ́ níbí. Mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ náà. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí n ro ohun tójú mi rí fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ti rẹ́rìn-ín ṣáájú yín.

Risikatu ni orúkọ mi. Aránṣọ ni mí ní Kétu, àtẹlíè mi, níbi tí mo ti ń ránṣọ, kò jìnnà sí ọjà. Bàbá mi ti di olóògbé, èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé. Ní àsìkò tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, mo ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọge, ṣùgbọ́n n kò tí ì di ẹni tí wọ́n ń káàánú. Ẹ̀yin obìnrin mọ ibi tí mò ń wí.

Kí n má purọ́ fún yín, ìtàn ìfẹ́ ni oúnjẹ mi. Kì í ṣe èyí tí ọkùnrin á pàdé obìnrin ní àárọ̀, tí wọ́n á ti bọ́ sórí ibùsùn kí ilẹ̀ tó ṣú o! Èyí tí kì í kánjú ni tèmi. Èyí tí ọkùnrin á wá, á jókòó, á béèrè omi, á mu omi tán, á sì dìde lọ. Ìwọ tó ń kà á á fẹ́ fi ìwé náà lu ògiri. Sọ̀rọ̀, jàre! Kò ní í sọ̀rọ̀. Ìwọ náà ò sì ní í lè gbé ìwé náà sílẹ̀.

Kí ló tilẹ̀ dùn nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀? Ó dùn nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fọwọ́ kan ara wọn, àní kó jẹ́ ìka kan péré, gbogbo ara rẹ ni á gbọ́ ọ. Ẹni tí ebi ti pa dáadáa ló mọ adùn ẹ̀kọ gbígbóná.

Rédíò kan wà ní agbègbè wa tó máa ń ka ìtàn àtẹ̀léra ní èdè wa ní gbogbo ọ̀sán Alámísì. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló ń kà á. Wọn kì í dárúkọ ẹni tó ń kọ ọ́. Ìtàn Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Amọ̀kòkò ni Àṣàkẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń jẹ́ Àkànbí máa ń wá ra ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkòkò kún ilé Àkànbí débi pé kò ríbi sùn, síbẹ̀ kò sọ pé ìkòkò kọ́ lòun ń wá!

Ẹ ò lè mọ bí a ṣe fẹ́ràn ìtàn yẹn tó. Bó bá ti di ọ̀sán Alámísì, àtẹlíè mi á kún. Felisité tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi á fi orí oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ ní ààbọ̀, àwọn méjèèjì á wá jókòó sórí àpò àkísà mi. Bí wọ́n bá ti ka tọ̀sẹ̀ yẹn tán, àwọn ènìyàn á máa pe rédíò náà. Wọ́n á máa bẹ ẹni tó ń kọ ọ́ pé kó má tí ì jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i. Bó bá pẹ́ sí i ló máa dùn sí i.

Èmi náà pè lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

Ní gbogbo àsìkò yìí, mo ní Àkànbí tèmi. Timoté ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Odomèta ló ń gbé. Músíyé, bí a ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, ni gbogbo wa ń pè é. Ọjọ́ ọjà ló máa ń wá sí Kétu, á sì yà sọ́dọ̀ mi. Á mú ṣòkòtò tí kò ya wá pé kí n bá òun tún un ṣe. Èmi náà á gbà á, n ó yẹ̀ ẹ́ wò, n ó sì sọ pé ó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Á béèrè àlàáfíà ìyá mi. Ìgbà mìíràn á mú ọsàn wá láti inú ọgbà rẹ̀, á bó o, á sì gbé e síwájú mi láìwí nǹkan kan. Ọjọ́ kan, bó ṣe ń lọ, ó ní bí òun kò bá tí ì rí mi, òun kì í gbà pé òun ti ná ọjà tán.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan yìí ni mo jẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ó tún máa ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi: kí làwọn obìnrin sọ nípa ìtàn Alámísì? Mo rò pé òun náà fẹ́ràn rẹ̀ bíi tiwa. N ó sì rò ó fún un: ibi tí a ti sunkún, ibi tó ti sú wa díẹ̀, ibi tí Felisité ti fi ọwọ́ bo ojú. Á máa mi orí. Inú mi á dùn pé mo rí ọkùnrin tó gbọ́ èdè ọkàn obìnrin.

Ìyá mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní àlejò tó ń wá léraléra tí kò jíṣẹ́ tó bá wá, ohun tó fẹ́ kó lọ ló ń wò. Mo ní ayé òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní ayé àtijọ́ náà ò rí bẹ́ẹ̀, òun kàn ń sọ ohun tí òun rí ni.

Láàárín èyí, ọkùnrin kan wá láti Adakplamè. Múfú ni orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ àgbàdo àti kajú ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó wá rán aṣọ lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ ọjà kan. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó mú àǹtí bàbá rẹ̀ dání, wọ́n lọ bá ìyá mi nílé, ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi.

Mo sọ fún un pé n kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ó ní, “Wá mọ̀ mí nígbà náà.”

Mo kọ̀. Nígbà tí mo rò ó ní àtẹlíè, a rẹ́rìn-ín títí. Felisité ní bí wọ́n ṣe ń ra ewúrẹ́ nìyẹn, pé ó kù kó ṣí ẹnu mi wo eyín. Kò sẹ́ni tó máa fi irú ìyẹn kọ ìtàn. Múfú ò wá mọ́. Nígbà tó yá, ó fẹ́ obìnrin mìíràn, obìnrin náà sì wá rán aṣọ ìlóyún lọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe ń wọn ikùn rẹ̀, ó ń sọ fún mi pé ọkọ òun kì í jáde lọ sóko láàárọ̀ láìbéèrè ohun tó wu òun láti jẹ. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, mo ní kó yí padà, mo wọn ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ Músíyé.

Ọjọ́ ọjà kan, òjò ńlá rọ̀. Gbogbo ènìyàn ti sá lọ, èmi àti òun nìkan ló kù sínú àtẹlíè. Òjò ń lu páànù débi pé a ò gbọ́ ara wa. Bóyá ojú mi ò sí lára iṣẹ́ ni, n kò mọ̀: abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún mi ní ìka, ó sì kán sínú rẹ̀. Ó dìde. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e súnmọ́ ojú ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì rọra fa abẹ́rẹ́ náà jáde. Ó fi àjákù léèsì di ìka náà. Nígbà tó dì í tán, kò tètè fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan já bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, “Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú bí ohun tó lè fọ́.”

Ó wò mí lójú títí òjò fi dá. Ó mú ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ.

N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ fún Felisité, n kò sọ fún ìyá mi. Ohun tèmi ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú ayé mi ni mo ní ohun tí n kò fi han ẹnikẹ́ni.

Alámísì tó tẹ̀lé e, àtẹlíè kún bí ìṣe rẹ̀. Mo ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ohùn obìnrin inú rédíò bẹ̀rẹ̀: òjò ń rọ̀, Àṣàkẹ́ àti Àkànbí nìkan ló wà nínú àgọ́ ìkòkò. Àfọ́kù ìkòkò gé Àṣàkẹ́ ní ìka. Àkànbí gbé ọwọ́ náà súnmọ́ ojú ọ̀nà, ó yọ àfọ́kù tó wọlé sínú ìka, ó ya etí aṣọ rẹ̀, ó dì í. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ wo bí ayé ṣe jọra.

Ni Àṣàkẹ́ bá lanu nínú rédíò, ó ní, “Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú bí ohun tó lè fọ́.”

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí máṣíìnì. Gbogbo àwọn obìnrin mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Felisité fi tówẹ̀lì oníbàárà rẹ̀ nu ojú. Ìyá Ràṣídì tó ń ta epo, àgbà láàárín wa, ní ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, wọ́n ń tún un sọ, gbólóhùn mi, bí ìgbà tí ènìyàn ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Èmi wà láàárín wọn. Kí ni kí n sọ? Kí n ní èmi ni mo ni ín?

Ní ọjọ́ kejì, mo gun alùpùpù zẹ́mì lọ sí Odomèta. Mo bá a lábẹ́ igi kajú níwájú ilé rẹ̀, ó ń yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ó gbé àga fún mi. Ó béèrè ìyá mi. Gbogbo ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, “ẹ” ni mo máa ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní “o”.

Mo bi í bóyá òun ló ń kọ ìtàn Àṣàkẹ́.

Mo rò pé ojú á tì í. Rárá o! Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé, ó súnmọ́ mi, ó ń béèrè bóyá ibi ìka yẹn dùn, bóyá àwọn obìnrin sunkún, bóyá Ìyá Ràṣídì sọ nǹkan kan. Ó ní gbólóhùn tèmi yẹn, òun kò yí i padà rárá, pé ká ní òun yí i, òun ì bá bà á jẹ́. Ó rò pé ìyìn ni.

Mo jẹ́ kó sọ tán. Mo wá bi í ní ọjọ́ tó máa wá rí ìyá mi.

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, bí olùkọ́ tí ọmọ gidi bi ní ìbéèrè. Ó ní, “Risi, bí mo bá fẹ́ ọ, kí ni n ó kọ ní Alámísì?”

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù. Ó ní kí òun tó mọ̀ mí, bí òun bá kọ, òun á fà á ya. Èmi ni mo fi hàn án bí obìnrin ṣe ń dúró de ọkùnrin. Bí mo bá wọ ilé rẹ̀, tí mò ń dáná, tí mò ń bá a jà lórí omi ìwẹ̀, ibo ni òun á ti rí i mọ́? Ó tún ní kí n rò ó dáadáa, kí n wá ọjọ́ kan ṣoṣo tí òun sọ pé òun á fẹ́ mi.

Mo rò ó. Mo wá a, n kò rí i. Ọsàn ni mo rí, ṣòkòtò ni mo rí, àti ọ̀rọ̀ ọjà yẹn. Kò sí ọ̀kan tí ènìyàn lè gbé lọ síwájú àgbà.

Ó sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó ní kí n rọra tọ́jú ìka mi kó má baà di egbò.

Ẹ rò pé ó parí níbẹ̀? Ní Alámísì tó tẹ̀lé e, Àṣàkẹ́ dìde nínú rédíò, ó lọ bá Àkànbí nílé rẹ̀, ó bi í ní ọjọ́ tó máa wá fẹ́ òun. Àwọn obìnrin àtẹlíè mi bú u! Wọ́n ní kí ló ń kán an lójú. Wọ́n ní gbogbo adùn náà ló dà nù. Felisité ní obìnrin tó mọ iyì ara rẹ̀ kì í wá ọkùnrin lọ sílé. Mo ń wọn apá ẹnì kan lọ́wọ́, mo bi í bóyá gígùn ló fẹ́ àbí kúkúrú.

Lẹ́yìn náà ni Àṣàkẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìtìjú ló pa á, ìtàn náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó kú kí Àkànbí tó dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé sínú láti ọjọ́ yìí wá. Orí sàréè ló ti sọ ọ́. Ẹ ò tí ì rí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ń tajà jókòó sílẹ̀. Oníbàárà Felisité lọ sílé pẹ̀lú orí tí wọn ò dì tán.

Felisité wò mí, ó ní kí ló dé tí ojú mi gbẹ, ṣé èmi ò ní àánú ni. Mo fà á wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, mo sọ ọ́ fún un. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi ni.

Kò tí ì di ọjọ́ kejì tí gbogbo ọjà ti gbọ́. Wọ́n ń wá o! Àwọn kan wá wo ìka mi. Ẹnì kan ní kí n bá òun sọ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín. Àwọn mìíràn ní kí n bẹ Músíyé kó jẹ́ kí Àṣàkẹ́ jí, bóyá kó jẹ́ àlá ni. Mo ń dúró de ẹnì kan ṣoṣo tó máa sọ pé ọkùnrin yìí kò ṣe dáadáa.

Ìyá Ràṣídì ló wá kẹ́yìn. Mo dìde fún un, mo kúnlẹ̀, mo rò pé ìtùnú ti dé. Ó fọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, “Risi, ọmọ mi, ìwọ lo pa Àṣàkẹ́ fún wa. Sùúrù díẹ̀ ló kù.”

Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Músíyé gbéyàwó. Nọ́ọ̀sì kan ní Pobè ni. Ẹ bi mí bó ti pẹ́ tó tí wọ́n fi mọra? Kò tó àsìkò tí a fi ń gbin àgbàdo tí a fi ń ká a. Àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó ní ó mú ọ̀rọ̀ náà yá kánkán, ó lọ bá àwọn òbí obìnrin náà fúnra rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ tààrà bí ọkùnrin. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà, mo ń gé aṣọ lọ́wọ́. N kò gé e wọ́. Ìyá mi náà gbọ́. Kò sọ pé ṣebí òun wí. Ó bu oúnjẹ mi, ó fi ẹran tirẹ̀ kún un, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè jẹ ẹ́.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ ra òwú ní Pobè. Nígbà tí mò ń bọ̀, nínú tasí, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí jókòó tì mí. Bó ti gbọ́ pé Kétu ni mo ti wá, ó ní ṣé mo gbọ́ ìtàn Àṣàkẹ́ ní rédíò. Mo ní mi ò gbọ́ ọ. Ó ní mo pàdánù! Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún mi. Ó rò ó láti orí ìkòkò àkọ́kọ́ dé orí òjò, ó di ọwọ́ mi mú láti fi hàn mí bí Àkànbí ṣe di ti Àṣàkẹ́ mú, ó sì sọ gbólóhùn náà fún mi. Ó ṣì í sọ díẹ̀. N kò tún un ṣe fún un. Nígbà tó dé orí ikú Àṣàkẹ́, omi ti dé ojú rẹ̀. Ó ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò sí láyé mọ́.

Mo ní, “Kò sí.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ìfẹ́ tí kì í kánjú dùn nínú ìtàn, n kò ní í purọ́ pé kò dùn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, bí wọ́n bá ń fi nǹkan falẹ̀, ojú ìwé ló ń tán lọ. Láyé, ọdún yín ló ń tán lọ. Ẹni tó bá ń wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì yín, ẹ bi í níṣẹ́ tó bá wá. Ẹ bi í ní ọ̀sán gangan. Bó bá ní ìbéèrè yín ba adùn jẹ́, ẹ jẹ́ kó bà á jẹ́, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń jẹ adùn náà.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Ta ló fi yín sórí ìdúró, kí lẹ sì ṣe? Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ibí yìí, n ó kà á. Ẹ dákun, bí ẹ bá ní òǹkọ̀wé nínú ilé, kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn yín.